Wáyà Òkè

Àgbọ̀nrín èṣí kọ́ ni mo fẹ́ fi sebẹ̀ fún yín,
ti òwúrọ̀ yìí ni. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú yìnyín.
Igi ápù mọ́kànlá ló rẹ́ lórí,
ó sì ya ìgbẹ́ kóróbótó sílẹ̀
bí ẹni tó san owó oúnjẹ kó tó dìde.

Bàbá mi, Orrin Thibodeau, dúró lẹ́nu ọ̀nà
tòun ti ife kọfí. Kò bú ẹnikẹ́ni.
Ó ní, "Àwọ̀n ò jẹ̀bi. Àwa la so àwọ̀n
tá ò fún un ní ohun tí yóò fẹ̀yìn tì."

Òótọ́ ni. Láti igi máápù dé igi máápù
la ta á, okùn lásán la fi dè é.
Yìnyín àkọ́kọ́ bà lé e lóru,
àwọ̀n rọ̀ wálẹ̀ bí ikùn arúgbó màlúù,
àgbọ̀nrín gbẹ́sẹ̀ kọjá bí ẹni ń wọ yàrá ara rẹ̀.

Okùn méjì ló wà lórí káńtà Hollis Pruitt.
Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rá dúdú, ó fúyẹ́,
ọmọdé lè gbé e kọ́ apá.
Bí ẹ̀ka bá wó lù ú, á tẹ̀, á tún dìde díẹ̀.
Èkejì jẹ́ wáyà irin,
kì í gbàgbé bí wọ́n ṣe ká a;
bí o bá tú u láìdi ẹnu rẹ̀ mú, ojú rẹ ló ń bọ̀.
Hollis ní ọ̀rá ti tó.
Bàbá mi fi àtàǹpàkò pa wáyà lára, ó ní,
"Oòrùn á jẹ ọ̀rá. Mi ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́
tí n óò fi so ó lẹ́ẹ̀mejì."
Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Mo tún ìdè kà: mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ.

Ìdè yẹn ò ju ìka lọ.
Wáyà á gba ẹnu rẹ̀ wọlé, kò ní lè padà.
Eyín kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í rí.

Ọdún kẹta rèé tí ọwọ́ bàbá mi ti ń gbọ̀n.
Ọwọ́ mi ló di pláyà mú, ohùn rẹ̀ ló ń darí rẹ̀.
"Òpó igun ni kọ́kọ́. Fi igi mìíràn gbé e ró.
Bí a bá fa gbùrù, gbùrù á fagbó:
wáyà líle lára òpó tó rọ̀, òpó lò ń fà tu.
Ọ̀kan lókè, ní ẹsẹ̀ bàtà méje àbọ̀.
Ọ̀kan láàárín. Ọ̀kan kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀."

Mo yí kẹ̀kẹ́ eléyín náà. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.
"Ó tó."
Mo tún yí i. Kẹ́.
"Mo ní ó tó, Odile. Òtútù ń bọ̀.
Irin á súnkì lóru bí ẹni tó ká eékún mọ́ra.
Bí o bá gba gbogbo àyè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án,
á gbà á padà lóru, lára òpó."
Mo dẹ̀ ẹ́. Mo fìka ta á.
Ó dún nísàlẹ̀, ohùn kan ṣoṣo,
bí ọ̀rọ̀ tẹ́nìkan fẹ́ sọ tó sì gbé mì.
"Ibẹ̀ yẹn," ni bàbá mi wí. "Fi í sílẹ̀ níbẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ la fi àwọ̀n kọ́ ọ tán.
Abo àgbọ̀nrín kan jáde láti inú igbó,
ó fimú kan wáyà ìsàlẹ̀, ó wòkè títí,
ó yí padà. Bàbá mi rẹ́rìn-ín sínú ife kọfí.

Ṣùgbọ́n kò wọgbó. Ó ń tọ ọgbà lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
sísàlẹ̀, síhà odò kékeré níbi tí ilẹ̀ ti jìn,
tí àyè bí ìbú ọwọ́ méjì wà lábẹ́ wáyà.
Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.
Ta ló sọ pé ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni?

"Wáyà ṣẹ́kù?"
"Ó kù díẹ̀."
Ó ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.